Ṣé A Mọ̀ Ọ́n, àbí A Gbà Á Gbọ́ Ni?

Ní abúlé Àgbábù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, páìpù irin kan yọrí láti inú ilẹ̀. Tí oòrùn ọ̀sán bá mú, ọ̀dà dúdú a máa rọra tú jáde lẹ́nu rẹ̀, a nípọn ju oyin lọ, a sì máa dán. Bí èèyàn bá fi igi kàn án, á lẹ̀ mọ́ igi, á máa fà yọ̀ọ̀ títí tí yóò fi já. Tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ara páìpù bá tutù, ọ̀dà náà á le. Lọ́jọ́ kejì oòrùn á tún yọ, òun náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí òyìnbó John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbẹ́ kànga wá ọ̀dà àti epo rọ̀bì lágbègbè yìí láàárín 1908 sí 1914. Ogun Àgbáyé Kìíní ló lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí epo wá jáde ní Ọlóìbírí lọ́dún 1956, ojú gbogbo yí sí Niger Delta. Ọ̀dà Àgbábù kò kúrò níbi tó wà.

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn Nàìjíríà nípa ọ̀dà yìí yóò máa bá nọ́ńbà kan pàdé ṣáá: 42 bílíọ̀nù. Kó fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Níbì kan, 42 bílíọ̀nù àgbá ni wọ́n kọ. Níbòmíràn, 42 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni tọ́ọ̀nù ọ̀dà kan tó nǹkan bí àgbá 6. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan wọ ọjà Ọ̀rẹ̀ tó ní òun fẹ́ ra gàárì 42, tí kò sọ bóyá kóńgò ni àbí àpò. Ìyá tó ń ta gàárì kò ní fọwọ́ kan igbá kó tó bi í pé: “Kóńgò lẹ ń wí ni, àbí àpò?”

Ìbéèrè ìyá yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ fìlọ́sọ́fì. Kí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yìí túmọ̀ sí? Báwo ni ẹni tó sọ ọ́ ṣe mọ̀ ọ́n? Ṣé ó rí i ni, àbí ó gbọ́ ọ? Àwọn tó ń fi sáyẹ́ǹsì jẹun ń bára wọn jiyàn káàkiri àgbáyé lórí bóyá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣì wúlò fún iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ Àgbábù fi hàn pé ó wúlò, àti pé níbi tí kò bá ti sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀, odindi orílẹ̀-èdè lè fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé nọ́ńbà kan kiri láìmọ ohun tí nọ́ńbà náà ń wí.

Àwọn tó ta ko èrò yìí kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ. Steven Weinberg gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ físíìsì ní 1979. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1992, ó ya odindi orí kan sọ́tọ̀ láti fi tako fìlọ́sọ́fì, ó ní òun kò rí onímọ̀ físíìsì kan lásìkò òun tí ìwé àwọn onífìlọ́sọ́fì ràn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ gan-an. Ní 2010, Stephen Hawking àti Leonard Mlodinow kọ ọ́ pé fìlọ́sọ́fì ti kú, nítorí pé àwọn onífìlọ́sọ́fì kò bá ìdàgbàsókè sáyẹ́ǹsì rìn mọ́.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ tí iná ọba máa ń kú mọ́ lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò, tí kẹ́míkà rẹ̀ ti tán láti ọdún tó kọjá, tó ń fi owó oṣù rẹ̀ ra epo sí jẹnẹrétọ̀, yóò béèrè pé ta ló ráyè fìlọ́sọ́fì nínú gbogbo èyí. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Òótọ́ sì wà lẹ́nu Weinberg náà: ọ̀pọ̀ nǹkan ńlá ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣàwárí láìka ojú ìwé fìlọ́sọ́fì kan, bẹ́ẹ̀ ni ìwé fìlọ́sọ́fì kan wà tí ẹni tó kọ ọ́ kò dé ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò rí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í dúró de ẹni tó ráyè. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ti dáhùn rẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ méjì ń lọ lọ́wọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Wọn kì í sábà dárúkọ méjèèjì pọ̀. Ní ẹ̀ka jìọ́lọ́jì, ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí yanrin ọlọ́dà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìwé àbájáde wọn jáde ní 1980, àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń tọ́ka sí i títí dòní. Ní ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì, J. Olúbí Ṣódípọ̀, tó padà di gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀, ń lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì. Ohun tí wọ́n ń bi àwọn àgbà náà rọrùn létí: kí ni ìyàtọ̀ láàárín kéèyàn mọ nǹkan àti kéèyàn gbà á gbọ́? Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ sínú ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft, tó jáde ní 1986.

Ìdáhùn àwọn oníṣègùn kò rọ̀ rárá. Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí ohun tí ojú rí, òun ló lè sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n sọ féèyàn, tàbí tó kà, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ ṣe é fọkàn tán tó, ìgbàgbọ́ ni: ó gbà á, ó gbọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ lè di ìmọ̀, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí wọ́n bá dán an wò tí ojú sì rí àbájáde rẹ̀. Hallen àti Ṣódípọ̀ wá tọ́ka sí ohun kan tó ya ọ̀pọ̀ onífìlọ́sọ́fì lẹ́nu: tí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn àgbà yìí wọ̀n ọ́n, púpọ̀ nínú ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ìmọ̀, èyí téèyàn kó jọ nílé ìwé àti nínú ìwé kíkà, ìgbàgbọ́ ni.

Yorùbá kò nílò kí ẹnì kan wá kọ́ òun ní ìyàtọ̀ yìí. Níbi tí wọ́n bá ti ń parí ìjà, àgbà á yí sí ẹni tó ń rojọ́, á bi í pé: “Ṣé ojú ẹ ló ṣe, àbí wọ́n sọ fún ẹ ni?” Ìròyìn kò sì tó àfojúbà. Ohun tí Hallen àti Ṣódípọ̀ ṣe ni pé wọ́n fi hàn pé èyí ju òwe lọ. Ètò kíkún ni fún yíyẹ ẹ̀rí wò, tó lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni ní yunifásítì èyíkéyìí.

Kí á wá gbé ètò náà lé ọ̀dà Àgbábù. Ọ̀dà tó ń tú lẹ́nu páìpù, ìmọ̀ ni. Ojú rí i, ọwọ́ kàn án. Yanrin tí àwọn onímọ̀ jìọ́lọ́jì gbẹ́ jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n ya ọ̀dà inú rẹ̀ sọ́tọ̀, ìmọ̀ ni fún ojú ihò ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n láàárín ihò kan àti èkejì ńkọ́? Kò sí ojú tó débẹ̀. Onímọ̀ jìọ́lọ́jì wo ohun tó rí ní ìhín, ó wo ohun tó rí lọ́hùn-ún, ó wá sọ pé yóò rí bákan náà láàárín. Kò purọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ní ìdí tó fi sọ ọ́. Síbẹ̀ ó fò, ó sì yẹ kó mọ̀ pé òun fò, kó sì mọ bí ibi tí òun fò ṣe gùn tó.

David Hume, onífìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Scotland, ti gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ ní ohun tó lé ní ọdún 250 sẹ́yìn: kí ló fún wa láṣẹ láti sọ pé ohun tí a kò rí yóò jọ èyí tí a rí? Ilẹ̀ ọlọ́dà tí à ń sọ yìí gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Èkó àti Ògùn, ó gba Oǹdó kọjá, ó dé Ẹdó. Inú ìwé àwọn tó ṣe ìwádìí ni wọ́n ti máa ń sọ ibi tí wọ́n ti fò àti ìdí tí wọ́n fi fò. Nígbà tí nọ́ńbà bá jáde kúrò nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó dé ẹnu olóṣèlú, tó tẹnu olóṣèlú dé ìwé ìròyìn, ọ̀nà ni gbogbo àlàyé yẹn ti máa ń já bọ́. Nọ́ńbà nìkan ló máa ń gúnlẹ̀. Bó ṣe di pé àgbá di tọ́ọ̀nù, tí tọ́ọ̀nù di àgbá nìyẹn.

Ìyàtọ̀ kejì tún wà tó ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ lè tó, tí owó tí wọ́n bá ná lé e yóò sì pé. Ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń wa yanrin ọlọ́dà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọ̀dà tó wà nílẹ̀ lé ní 1.7 tírílíọ̀nù àgbá. Èyí tí wọ́n kà sí ohun tí wọ́n lè wà jáde kò ju nǹkan bí 165 bílíọ̀nù lọ, ìyẹn nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Àgbẹ̀ kòkó ní Òdìgbó mọ ìyàtọ̀ yìí dunjú. Tí igi kòkó bá yọ òdòdó láti ìdí dé orí, inú àgbẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n kò ní torí ìyẹn gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, nítorí ó mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú òdòdó náà ni yóò rẹ̀ dànù kó tó di èso. 42 bílíọ̀nù yìí, òdòdó ni àbí èso? Ohun tí wọ́n ní ó wà nínú ilẹ̀ ni. Bí òdòdó sì ni, ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Àgbábù.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wọn lọ́nà tó yé wọn. Àwọn àgbà ibẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn pé ọrọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn. Ìjọba lẹ́yìn ìjọba ti wá ṣèlérí, ilé iṣẹ́ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ti gba ìwé àṣẹ. Ọ̀nà Benin sí Ọ̀rẹ̀ sí Ṣàgámù, tó gba inú agbègbè náà kọjá, bàjẹ́ fún ọdún pípẹ́ débi pé àwọn awakọ̀ ń sùn sójú ọ̀nà, nígbà tí Nàìjíríà ń fi owó òkèèrè ra ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Kì í ṣe àìsí fìlọ́sọ́fì nìkan ló fa gbogbo èyí. Owó, òṣèlú àti ẹ̀rọ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlérí tí wọ́n kọ́ lé orí nọ́ńbà tí kò yé ẹnikẹ́ni máa ń rọrùn láti ṣe, kò sì sẹ́ni tó lè fi ohunkóhun mú ẹni tó ṣe é.

Àǹfààní fìlọ́sọ́fì kò mọ sórí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Ìtàn John Eccles fi èyí hàn. Onímọ̀ nípa iṣan àti ọpọlọ ni, ọmọ Australia. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà pé iná mànàmáná ni iṣan kan fi ń bá èkejì sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe kẹ́míkà. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Dunedin, ní New Zealand, ó bá onífìlọ́sọ́fì Karl Popper pàdé, tó ń kọ́ni ní Christchurch lásìkò ogun. Ẹ̀rí ń ta ko Eccles nígbà náà, ọkàn rẹ̀ sì ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Popper sọ fún un pé kì í ṣe ìtìjú kí èrò ẹni já sí irọ́, pé kó túbọ̀ sọ èrò náà ní ṣàkó, kó sọ ọ́ débi tí àyẹ̀wò kan ṣoṣo yóò fi lè wó o, kó sì gbìyànjú láti wó o fúnra rẹ̀. Eccles ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1951, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò tó wó èrò tirẹ̀ gan-an. Ó gbà pé kẹ́míkà ni, ó sì tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Ní 1963 ó gba ẹ̀bùn Nobel, kò sì dákẹ́ láti máa sọ ohun tí Popper ṣe fún òun.

Popper kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò. Bí èèyàn ṣe ń di èrò mú láìsọ ọ́ di òrìṣà ló kọ́ ọ.

Àǹfààní kẹta jẹ mọ́ omi mímu. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti lọ gbé omi àti iyẹ̀pẹ̀ Àgbábù lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n wo àwọn èròjà irin àti èròjà inú ọ̀dà tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ á sọ iye tó wà níbẹ̀. Ta ni yóò wá sọ pé iye yẹn kò léwu? Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ìyẹn. Ní 1953, Richard Rudner, onífìlọ́sọ́fì ará Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kúkúrú kan tó mú èyí yéni. Ó ní ẹ̀rí kì í pé pérépéré láé, nítorí náà ẹni tó bá gba èrò kan wọlé ti pinnu pé ẹ̀rí náà tó, bó ṣe yẹ kó tó sì wà lọ́wọ́ bí àṣìṣe ibẹ̀ ṣe burú tó. Ẹni tó ń yẹ irin ìdè ìgbànú wò àti ẹni tó ń yẹ oògùn wò kò gbọdọ̀ béèrè ẹ̀rí kan náà.

Tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá kọ ọ́ pé omi kan dára, tí kò sì dára, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò mu ún. Tó bá kọ ọ́ pé kò dára, tó sì dára, àwọn obìnrin abúlé á máa rìn lọ pọn omi lọ́nà jíjìn lásán. Àṣìṣe méjèèjì kò dọ́gba, ẹni tí yóò jẹ ìyà wọn kò sì sí nínú yàrá àyẹ̀wò. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní irú ìrònú yìí yóò rò pé ẹ̀rọ ló pinnu, nígbà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló pinnu fún àwọn èèyàn náà láìbi wọ́n léèrè.

Nàìjíríà kò ṣàìmọ̀ pé irú ẹ̀kọ́ yìí yẹ. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, là sílẹ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló gbọ́dọ̀ ṣe GST 212, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa fìlọ́sọ́fì, lójíìkì àti ìgbésí ayé ẹ̀dá. Akẹ́kọ̀ọ́ jìọ́lọ́jì wà níbẹ̀, ti kẹ́mísírì wà níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀ ni ó ń dunni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń há sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n á ra ìwé pélébé, wọ́n á há orúkọ Plato àti Descartes sórí, wọ́n á fọwọ́ yan A, B, C lọ́jọ́ ìdánwò, gbogbo rẹ̀ á sì ti fò lọ kí wọ́n tó dé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kò sẹ́ni tó so Hume mọ́ ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó so Rudner mọ́ kànga abúlé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Ṣódípọ̀ rí, ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní èdè tí ìyá wọn ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ibi tó tún yẹ kí wọ́n ti ṣe é dáadáa ju agbègbè yìí lọ. Yunifásítì sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi orúkọ Olúṣẹ́gun Àgágù sọ wà ní Òkìtìpupa, kò jìnnà sí Àgbábù. Àgágù fúnra rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ jìọ́lọ́jì tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó ṣe gómìnà Oǹdó láàárín 2003 sí 2009. Níbẹ̀, àti ní àwọn yunifásítì tó kù nílẹ̀ Yorùbá, olùkọ́ fìlọ́sọ́fì àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè jọ kọ́ GST 212 pọ̀. Kò gba yàrá àyẹ̀wò tuntun, kò gba ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, iná ọba ì báà wà, ì báà má sí. Bọ́ọ̀sì kan àti ọjọ́ kan ló gbà.

Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ gba oyè nínú fìlọ́sọ́fì. Nígbà tí Albert Einstein ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Bern, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì máa ń kóra jọ lálẹ́ láti ka ìwé Hume àti ti Ernst Mach, ó sì sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìwé kíkà yẹn ran òun lọ́wọ́ nígbà tí òun ń ronú nípa ohun tí àkókò jẹ́. Ní 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti onífìlọ́sọ́fì, Lucie Laplane àti Carlo Rovelli lára wọn, kọ ọ́ pọ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà PNAS pé sáyẹ́ǹsì nílò fìlọ́sọ́fì, wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì máa wọ yàrá ara wọn. Ohun tí wọ́n ń tọrọ yìí ni Ifẹ̀ ti ní àǹfààní rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà ní ogójì ọdún ó lé sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀ka jìọ́lọ́jì àti ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí bọ́ọ̀sì náà gbéra ní Òkìtìpupa láàárọ̀, kó kó wọn dé ìdí páìpù nígbà tí oòrùn bá ti mú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fa ìlà sí àárín ojú ìwé rẹ̀, kó kọ “mo mọ̀” sí apá ọ̀tún, kó kọ “mo gbà gbọ́” sí apá òsì. Ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ igi ọwọ́ rẹ̀, apá ọ̀tún ni. 42 bílíọ̀nù, apá òsì ni. Kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ohun tó kù sísàlẹ̀ ojú ìwé náà: àgbá ni àbí tọ́ọ̀nù, ihò mélòó ni wọ́n gbẹ́, báwo ni ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì, ìwọ̀n wo nínú rẹ̀ ni wọ́n lè wà jáde, ta ni yóò mu omi tó bá kù. Kí olùkọ́ méjèèjì dúró tì í títí tí yóò fi kọ gbogbo rẹ̀ tán, kí wọ́n tó padà sínú bọ́ọ̀sì.